Ewé Tó Kù Kan

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òwe yìí ni ẹni tí làkúrègbé ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́ fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó ti mu àgbo, ó ti fi àdí pa orúnkún, ó ti gbé oògùn òyìnbó mì títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, síbẹ̀ ẹ̀yìn kò yé ro. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé egbògi ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà wà, yóò gbà pé ewé tó kù ọ̀hún ló dé yẹn. N kò sọ pé kí ó má lò ó. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ni pé kí ó mọ orúkọ ewé náà, kí ó sì mọ ẹni tó sè é, kí ó tó gbé e mì.

Ìṣègùn tó jinlẹ̀ ni ti àwọn ará Ṣáínà. Ìwé Huangdi Neijing, tó ti wà láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, sọ pé afẹ́fẹ́, òtútù àti ọ̀rinrin ló ń kóra jọ wọ inú oríkèé. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ọ̀gá nínú wọn, ìrora á máa rìn káàkiri: lónìí orúnkún, lọ́la èjìká. Bó bá jẹ́ òtútù, á jókòó sójú kan, á sì le gan-an. Bó bá jẹ́ ọ̀rinrin, ibẹ̀ á wúwo, á sì wú. Àwa máa ń sọ pé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Lórí ọ̀rọ̀ ìrora, àwọn oníṣègùn Ṣáínà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì lè gbé ẹ̀yìn ríro wá lọ́jọ́ kan náà. Oníṣègùn á wo ahọ́n wọn, á fi ìka lé ọrùn ọwọ́ wọn láti mọ bí iṣan ṣe ń lù, á sì fún wọn ní oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ìdì egbògi tó wo aládùúgbò yín sàn lè má jẹ́ tiyín rárá.

Ní ayé ìjọba Tang, ní nǹkan bí ọdún 652, Sun Simiao kọ oògùn kan sínú ìwé rẹ̀ fún ẹ̀yìn àti orúnkún tó ti ń ro tipẹ́. Duhuo Jisheng Tang ni orúkọ rẹ̀, egbògi 15 ló sì wà nínú rẹ̀. Àfòmọ́ wà níbẹ̀, irú èyí tó ń hù lórí igi. Èèpo igi duzhong wà níbẹ̀ fún ẹ̀yìn. Ginseng àti danggui wà níbẹ̀ fún agbára àti ẹ̀jẹ̀. Apá kan ń lé ìrora jáde, apá kejì ń bọ́ ara tí ìrora ti jẹ tán. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí wù mí púpọ̀, nítorí ẹni tí kò sùn dáadáa láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe oríkèé nìkan ló ń ṣàìsàn lára rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í fi irin sè é. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi tútù, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún bu omi mìíràn lé e, wọ́n á wá da omi ẹ̀ẹ̀mejèèjì pọ̀ kí wọ́n tó pín in mu.

Egbò kan wà tó yẹ kí á bẹ̀rù, wutou ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń gbìn ín ní Sichuan, pàápàá ní Jiangyou. Ìyá gbòǹgbò ni chuanwu, ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fuzi. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e gidigidi fún ìrora tí òtútù bá fà, ṣùgbọ́n májèlé ni tútù rẹ̀. Rírẹ àti sísè fún ìgbà pípẹ́ ló ń fọ́ májèlé náà. Àwọn tó ń ṣe é á gé e, wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ọ wò: bí ahọ́n bá ṣì kú, kò tíì jinná, bó bá kàn ń ta ahọ́n díẹ̀, ó ti tó. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ sè é nílé, òun nìkan ló ń kọ́kọ́ wà lórí iná fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí àwọn yòókù tó wọlé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti gbé dé ilé ìwòsàn ní Hong Kong nítorí wutou tí kò jinná tàbí tó pọ̀ jù.

Òwe wa ní ewé kan ló kù. Ní Brussels, ewé kan ni wọ́n ṣì mú. Láàárín ọdún 1990 sí 1992, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní kápúsù tí egbògi Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Hanfangji, tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà fún ara wíwú àti oríkèé ríro, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Guangfangji ni wọ́n rà. Orúkọ wọn fara jọra, ṣùgbọ́n ásíìdì aristolochic tó wà nínú èkejì ń ba kíndìnrín jẹ́. Obìnrin tó lé ní 100 ló kó sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ sì mú àwọn mìíràn lójú ọ̀nà ìtọ̀. Lọ́dún 1993 ni dókítà Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn obìnrin náà tó lè fojú dá egbò méjèèjì mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ sínú kápúsù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ sá fún oògùn tí a kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára páálí. Bí hóró oògùn tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò bá pa ìrora ọdún mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ẹ fura. Lọ́dún 1975, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tó lo hóró egbògi Ṣáínà fún ìrora: oògùn òyìnbó phenylbutazone àti aminopyrine ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun tí ara fi ń bá àrùn jà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC lára páálí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá àmì THR, tó ń fi hàn pé wọ́n ti forúkọ oògùn ìbílẹ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ má fi egbògi tí ẹ ń lò pamọ́ fún dókítà yín. Egbògi danggui àti danshen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Gancao àmujù ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Leigongteng ń ran oríkèé tó wú lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó sì ń dín àtọ̀ ọkùnrin kù. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀yìn ríro tó bá ibà tàbí rírù wá, tàbí èyí tó mú kí ẹsẹ̀ kú, tí ìtọ̀ kò sì ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde tí eegun ń ro. Bí ẹ bá sì mu egbògi Ṣáínà tán tí ètè àti ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí àyà ń já yín, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé páálí rẹ̀ dání, kí ẹ sì da ohun tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò sínú ọ̀rá, kí àwọn dókítà lè mọ ohun tí ẹ mu.