Má Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ Ní Kọ̀rọ̀

Ọ̀fin, Ìsàlẹ̀ Èkó

Rájí ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní o fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ pamọ́, kí o wá sọ fún wọn pé mẹkáníìkì ló ní kí ẹnikẹ́ni má wà á. Mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò. Ẹni ọdún 77 tó ṣiṣẹ́ títí gbogbo yín fi kàwé, a kì í fi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.

N kò sì ní kí o dákẹ́. Mo ti yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà wò. Ó ti họ láti iwájú dé ẹ̀yìn, díńgí ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ já mọ́. Bùọ̀dá mi, bàbá rẹ, ní àwọn oní-dáńfó ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń họ ṣáá, Bùọ̀dá sì ní glaucoma. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe ní wọ́ọ̀dù ojú ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára. Àrùn yẹn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àárín á ṣì mọ́ gaara. Ẹni tó ń ṣe kì í rí òkùnkùn kankan, torí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ohun tó yí àlàfo náà ká dí i. Ìdí nìyẹn tí Bùọ̀dá fi lè ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri dókítà láìṣì í, kí wọ́n máà sì rí alábàárù tó fi ẹrù lérí yọ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract nìkan ló fọ́ ojú àgbàlagbà ju àrùn yìí lọ.

Bùọ̀dá á na láísẹ́ǹsì sí ọ, wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un gbà ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ni VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa ń dán wò lójú títì. Ẹni tó bá lọ tún tirẹ̀ gbà, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, á tẹ̀ka, ó parí. Ìjọba Èkó dá LASDRI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, sílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn awakọ̀ èrò wò níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é, inú yàrá kò sì ní ọmọlanke.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlú Ọba wù mí. Tí ènìyàn bá pé 70 níbẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló ń tún láísẹ́ǹsì gbà. Ó gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20. Bí glaucoma bá wà ní ojú méjèèjì, dandan ni kó fi tó DVLA, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀, létí. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti dá dókítà lójú, wọ́n lè ní kó lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń dán awakọ̀ wò lójú pópó. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú, agbára ẹsẹ̀, àti bó ṣe ń yára ronú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ wọ ọkọ̀ tí bírékì wà lẹ́sẹ̀ olùkọ́ pẹ̀lú, ẹnìkan á jókòó lẹ́yìn tí yóò máa ṣàkíyèsí. Ojú títì tó dákẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wọ ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Kì í ṣe láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ènìyàn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni wọ́n á ní kó gbà kún un, ẹlòmíràn, wọ́n á tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe bá ara rẹ̀ mu. Àwọn kan sì wà tí wọ́n á sọ fún pé ó tó.

A lè ṣe èyí tó jọ ọ́ ní Èkó níbí. Kọ́kọ́ mú Bùọ̀dá lọ sí Guinness Eye Centre ní ilé ìwòsàn LUTH, kí ẹ ní kí wọ́n wọn bí ojú wọn ṣe fẹ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ìdánwò yẹn, Bùọ̀dá á tẹjú mọ́ ọ̀gangan kan, wọ́n á máa tẹ bọ́tìnì nígbà tí iná kékeré bá ṣẹ́jú. Tí dókítà bá ní àyè ṣì wà, wá ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó ní ọkọ̀ oníbírékì méjì. Kí olùkọ́ jẹ́ àgbà tí ọ̀rọ̀ tọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n fi òwúrọ̀ Sunday bẹ̀rẹ̀ ní Marina, kí wọ́n wá tún ọ̀nà tí Bùọ̀dá ń gbà gan-an gbà lọ́jọ́ iṣẹ́: Adéníji Adélé, Ìdúmọ̀tà, Tinúbú, kí wọ́n gba Apọ́ngbọ̀n padà. Kí ẹ̀ẹ̀kan bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣú, torí ìgbà yẹn ni ojú bẹ́ẹ̀ máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Sọ fún olùkọ́ kó ṣọ́ ọwọ́ ọ̀tún: ṣé Bùọ̀dá ń yíjú wò kí wọ́n tó yà, ṣé wọ́n rí ẹni tó fẹ́ sọdá kí òun olùkọ́ tó pariwo?

Ìwọ má wọ ọkọ̀ náà. Bàbá kan kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó máa dá òun lẹ́jọ́. Kí olùkọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ èsì fún wọn, nítorí ẹnu rẹ kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó jáde.

Bí wọ́n bá bínú, rán wọn létí 1972. Ọwọ́ òsì ni Bùọ̀dá ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, bíi gbogbo èèyàn ìgbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìjọba ní kí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ tó ti lo ogún ọdún tún un kọ́ bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìtìjú. Ìtàn yẹn dùn mọ́ wọn lẹ́nu gan-an, wọ́n á gbọ́ ọ.

Kí èsì tó dé, kí o ti ṣètò ẹni tí yóò máa gbé wọn lọ sí Mọ́ṣáláṣí Àgbà ní Jímọ̀, àti sí ìpàdé ẹbí. Ohun tó ń ba Bùọ̀dá lẹ́rù ni kí wọ́n wá jókòó sílé máa dúró de ẹni tó bá ráyè. Tí o bá ti bá olùkọ́ àti dókítà sọ̀rọ̀, pè mí kí o tó bá Bùọ̀dá sọ ohunkóhun. Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ bá wọn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí inú wọn bá dùn.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Ọ̀fin