Bí àwọn tó ń ra ọkà bá di ọ̀kan

Bí iléeṣẹ́ ńlá méjì bá fẹ́ dà pọ̀, ẹ̀rù tó sábà máa ń ba aráàlú ni pé ọjà yóò wọ́n. Nínú òwò ọkà, àgbẹ̀ tó ń tà ló lè kọ́kọ́ fara gbá a.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1998, Cargill kéde pé òun fẹ́ ra ẹ̀ka òwò ọkà Continental Grain ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ló ń du àgbàdo, sóyà àti àlìkámà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọkà wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, àgbẹ̀ kò lè gbé e lọ jìnnà. Bí òǹrajà méjì tó wà nítòsí bá di ẹyọ kan, iye tó bá dá lé e ni àgbẹ̀ yóò gbà.

Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lóṣù keje ọdún 1999. Wọn ò fagi lé òwò náà, àmọ́ wọ́n ní kí wọ́n ta àwọn ibùdó ìkó-ọkà-sí kan, títí kan ti Cargill ní èbúté Seattle.

Lọ́dún 2025, kí Bunge tó gba Viterra, Kánádà náà ní kí wọ́n ta ibùdó mẹ́fà.

Nítorí náà, kì í ṣe iye iléeṣẹ́ tó wà láyé ló yẹ ní kíkà, bí kò ṣe iye àwọn tí àgbẹ̀ lè gbé ọkà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.