Ìtọ́kasí, Iye àti Ipa: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Wíwọn Iṣẹ́ Oníwádìí Ìṣègùn

1. Ìfáàrà

Nígbà tí yunifásítì bá fẹ́ gbé olùkọ́ ìṣègùn ga sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: iṣẹ́ mélòó ni ó ti tẹ̀ jáde? Ìgbà mélòó ni àwọn ẹlòmíràn ti dárúkọ iṣẹ́ náà nínú tiwọn? Kí ni iṣẹ́ náà sì yí padà? Bí a bá kó ìdáhùn gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí “òkìkí”, a ó ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Àbá wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtọ́kasí, iye ìtọ́kasí àti ipa jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ìtọ́kasí

Àtẹ̀jáde ni iṣẹ́ ìwádìí tí a tẹ̀ fún aráyé kà. Àkójọ àtẹ̀jáde ni gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ti oníwádìí kan. Ìtọ́kasí ni kí òǹkọ̀wé dárúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn.

Ìtọ́kasí kì í ṣe ìyìn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìlù àwọn onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú tí ó múlé gbe Ìlobùú àti Ìfọ́n, tí a sì mọ̀ mọ́ bàtá àti dùndún, yóò tètè rí ìdí rẹ̀. Bí ìyáàlù bá pe orúkọ ènìyàn lójú agbo, ó lè jẹ́ pé ó ń kì í. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń kìlọ̀ fún un. Ohun tí ó tẹ̀lé orúkọ náà ni a fi ń mọ ìtumọ̀ pípè.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (1935–1995), onímọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968, ó tẹ àlàyé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Brain* lórí àrùn kan ní Nàìjíríà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ aláìsàn dúró ṣinṣin, tí ó sì lè ba ojú àti etí jẹ́. Ó tọ́ka sí sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń fa àrùn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, Olúwọlé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rí tí ó ta ko èyí kalẹ̀: wọ́n rí ìlú kan tí sáyánáìdì láti inú ẹ̀gẹ́ pọ̀ lára àwọn ará ibẹ̀, síbẹ̀ tí àrùn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ta ko Ọ̀ṣúntókun kò lè ṣàì tọ́ka sí i. Inú iye kan náà sì ni ìtọ́kasí alátakò àti ti alátìlẹ́yìn ń wọ̀.

3. Iye ìtọ́kasí

Eugene Garfield ni ó sọ kíka ìtọ́kasí di iṣẹ́ gbogbo ayé, nígbà tí atọ́ka rẹ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde ní 1964. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, dá ìṣirò kan sílẹ̀ tí a lè pè ní òǹkà Hirsch. A ó to àwọn àtẹ̀jáde láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù. Ipò ìkẹyìn tí iye ìtọ́kasí kò ti kéré sí nọ́ńbà ipò náà ni òǹkà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé oníwádìí kan ní àtẹ̀jáde mẹ́fà, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 12, 6, 4, 2 àti 0. Ẹ̀kẹrin ní 4; ẹ̀karùn-ún ní 2 péré, kò tó 5. Nítorí náà, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 4. Bí 40 bá tilẹ̀ di 400, òǹkà náà kò ní yí padà.

4. Ipa

Kí olùkọ́ kíyè sí àmì ohùn. *Ipá* ni agbára tí a fi ń gbé ẹrù; *ipa* ni ohun tí iṣẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn, bí ó ti wà nínú *ipasẹ̀*. Ipa ni a ń wá níhìn-ín.

Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìwádìí lélẹ̀ lórí àrùn iyè rírà láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn àti àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Orúkọ rẹ̀ wà lórí àtẹ̀jáde 1995. Ní 2001, lẹ́yìn ikú rẹ̀, àtẹ̀jáde mìíràn fi hàn pé nínú 100 àgbà tí ó tó ẹni ọdún 65 sókè, àrùn Alzheimer ń mú 1.15 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 ní Indianapolis. Ìtọ́kasí èyí kò wọ inú àkójọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

5. Ìkádìí

Oníwádìí tí ń wo àrùn abúlé díẹ̀ kò lè retí iye ìtọ́kasí ẹni tí ń wo àrùn gbogbo ayé, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ gba ẹ̀mí là ní abúlé wọ̀nyẹn. Nítorí náà, kí atúmọ̀ èdè lo *ìtọ́kasí* fún dídárúkọ iṣẹ́, *iye ìtọ́kasí* fún ohun tí a kà, àti *ipa* fún ohun tí iṣẹ́ yí padà. Èyí tí a lè kà kò gbọdọ̀ gba orúkọ èyí tí a ní láti fi làákàyè wádìí.