Ẹyẹlé, Hóró Oúnjẹ àti Làálàá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò kékeré. Ẹyẹlé kan wà nínú àpótí, bọ́tìnnì méjì sì wà níwájú rẹ̀. Bó bá fi àgógó sọ èkíní, hóró oúnjẹ 3 ni yóò rí, kò sì sí ìgbà tí kò ní í rí i. Bó bá sọ èkejì, nínú ìgbà 10, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni iná kan máa ń tàn tí hóró 10 á bọ́ sílẹ̀. Láwọn ìgbà tó kù, iná mìíràn ni yóò tàn, ẹyẹ náà á sì jókòó lásán. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 30 ni èkíní, 20 ni èkejì.

Èkejì ni ẹyẹlé ń mú. Thomas Zentall àti Jessica Stagner, ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, ló tẹ èyí jáde ní 2011. Ẹyẹ náà kò gọ̀ o. Iná tó ń kéde oúnjẹ yẹn ló ń fà á mọ́ra, àdánù ìgbà tó kù kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Làálàá ńkọ́? Ní 2000, Zentall àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìdánwò mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹyẹlé á sọ iná funfun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àwọ̀ tó ń mú oúnjẹ wá tó yọ. Nígbà mìíràn, á sọ ọ́ nígbà 20 gbáko kí àwọ̀ mìíràn tó yọ. Oúnjẹ kan náà ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé àwọ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀ pé kó mú èyí tó wù ú, èyí tó ti ṣe làálàá fún ló sábà ń mú.

Ẹ rántí omi tútù lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Omi náà kò yí padà, ìyà tó ṣáájú rẹ̀ ló mú un dùn. Bí Zentall ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn: bí ìnira bá ṣe pọ̀ tó ni ìtura tó tẹ̀lé e ṣe ń níyì tó.

Ẹ má ṣe pa ìdánwò méjèèjì pọ̀ o. Nínú ti tẹ́tẹ́, ẹyẹlé ń pàdánù oúnjẹ. Nínú ti làálàá, kò pàdánù hóró kan. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ohun tó ṣáájú oúnjẹ ló ń darí ẹyẹ náà, kì í ṣe iye oúnjẹ.

Ní 2007, àwọn olùwádìí mìíràn tún ìdánwò làálàá ṣe, wọn kò sì rí ohun tí Zentall rí. Òun náà fèsì pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ẹyẹ wọn kò pẹ́ tó. Bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti ìhà méjèèjì.