Jẹ́ Kí Fọ́máàn Kọ́kọ́ Gbọ́

Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ ni wọ́n fi sídìí sísọ ohun tí ilé-iṣẹ́ yín ń ṣe fún ìlú létí àwọn òṣìṣẹ́. O kú oríire. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ tó rọrùn ni: ya fọ́tò ọ̀gá níbi tó ti ń gé ríbọ́nù, kọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ á fi fọ́tò náà ṣẹ̀fẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ń bójú tó kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Kànga náà dára, omi sì ń jáde. Ṣùgbọ́n orí rédíò ni àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́, owó ófátáìmù oṣù méjì sì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì rí gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń sọ pé owó àwọn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Irọ́ ni o. Láti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ya owó kànga sọ́tọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn mọ́?

Òṣìṣẹ́ ni ìlú máa bi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, a máa ń rí orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Globacom tó ń náwó sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ló ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n ń bá jáde. Bí ẹgbẹ́ bá jókòó, tí ẹnìkan ní, "Tiyín ńkọ́? Kí ni ilé-iṣẹ́ yín ṣe?", kí ni ọmọ yẹn fẹ́ sọ? Bí kò bá mọ nǹkan kan, á bú ọ̀gá kí ojú má baà tì í. Bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ tà ju ìpolówó lọ, nítorí ojúlùmọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sì í dá owó ẹgbẹ́ kó má béèrè ìṣirò. Nítorí náà, iye owó ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Èló ni? Àpò wo ló ti jáde? Ta ló yan abúlé yẹn? Ta ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan? Bí o kò bá rí ìdáhùn ìkẹyìn yìí, má tíì kéde rárá.

Ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, "ọ̀gá ta ìlú lọ́rẹ." Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá dá Olú-Ìwà College sílẹ̀ níhìn-ín ní 1945. Ọ̀túnba Súbọ̀mí Balógun kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé fún wa. Ọrẹ àwọn fúnra wọn nìyẹn, orúkọ wọn tọ́ sí i. Owó ilé-iṣẹ́ yàtọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀, títí kan àwọn kásúà tí ẹ kì í pè sí ìpàdé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó yẹn. "A" ni kí o máa kọ.

Ṣùgbọ́n "a" yẹn á di yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá ń jẹ òṣìṣẹ́ ní gbèsè. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi náírà 10 lé náírà 8 tí wọ́n yọ lára òṣìṣẹ́ nínú náírà 100 owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n sì san án síbi tó yẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ tí kò sì débẹ̀, tí wọ́n tún ń pín ìwé àti bírò fún ọmọ iléèwé. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe tẹ ohunkóhun jáde. Lọ bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ìwọ nìkan, kí o sọ fún un. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun kan tún wà tí ìlú yìí ti ṣe rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, láyé Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ́nà, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ ń darí ètò láti gbógun ti ìṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n kọ́kọ́ pe ará ìlú jọ láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò kí wọ́n tó máa yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi òṣìṣẹ́ kí ẹ tó yan iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé ní abúlé tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mú fọ́máàn mẹ́rin lọ sí iléèwé tí ẹ fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí kọngílá tó débẹ̀. Àwọn ló máa mọ̀ bóyá páànù tí wọ́n kọ sínú ìwé nípọn tó. Kí wọ́n padà wá ròyìn fún àwọn tó kù ní ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè, lédè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó pe rédíò. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ owó ófátáìmù tiwọn níbẹ̀, dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀gá lè má fẹ́ràn rẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ.