Ayùn Afẹ́fẹ́: Ẹ Wo Ẹ̀yìn Irin Kí Ẹ Tó Gé E

Ayùn tí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń tì kì í ta iná tó díìsì, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má tàn wá jẹ.

1. Ká tú bátìrì, ká wo ẹ̀yìn irin: páìpù epo tàbí wáyà lè wà níbẹ̀.
2. Irin fẹ́lẹ́ ń fẹ́ ayùn eléyín wẹ́wẹ́; ó kéré tán, kí eyín 3 máa kan irin lẹ́ẹ̀kan náà.
3. Ká yọ okùn afẹ́fẹ́ kí á tó pààrọ̀ ayùn.
4. Ká wọ awò ojú.

Amánà ni ọkọ̀ oníbàárà. Ọmọ tí a fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ jù ú lọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn. Àmín.