Ojú Ọlọ́jú Kò Jọ Ojú Ẹni

Ojú ọlọ́jú kò jọ ojú ẹni. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Ursula K. Le Guin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ ìtàn Earthsea, ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1968. Ged, oṣó inú ìtàn náà, pupa bíi bàbà. Vetch ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúdú. Àwọn aláwọ̀ funfun kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Le Guin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí ó ti sú u pé òyìnbó ni akọni inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ní oṣù Kejìlá 2004, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Sci Fi Channel wá gbé eré rẹ̀ jáde. Òyìnbó ló ṣe Ged. Yàtọ̀ sí Danny Glover tó ṣe Ogion ọ̀gá rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kun gbogbo erékùṣù Earthsea. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ọmọ adúláwọ̀ tó ti ka ìwé yẹn, tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn kó lè rí akọni tó jọ ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ kó rò?

Agbaninímọ̀ràn ni ìwé àdéhùn pe Le Guin o. Ṣùgbọ́n ìgbà tó máa rí ìwé eré náà, wọ́n ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn ti ń yà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn iwin àti oṣó lédè wa, bí oníṣẹ́ fíìmù bá gbé owó wá bá yín, ẹ má jẹ́ kó fi oyè tàn yín. Ẹ bi í pé: Ta ni yóò yan òṣèré? Bí mo bá ní rárá, ṣé iṣẹ́ yóò dúró? Bó bá bàjẹ́, ṣé mo lè yọ orúkọ mi? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wà nínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ gba lọ́yà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà" kì í ṣe àdéhùn.

Síbẹ̀, òwe yẹn kò sọ ọ́ tán. Rick Riordan tó kọ Percy Jackson fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé eré fíìmù 2010. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe fíìmù náà, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ Percy, ọmọ ọdún 12, di géńdé. Wọn ò gbọ́. Ó rí i kedere, àṣẹ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Disney+ tún un ṣe ní 2023, òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn olóòtú, ọmọdé ló sì ṣe Percy. Annabeth, ọ̀rẹ́ Percy tí irun rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà nínú ìwé, Leah Jeffries, ọmọ adúláwọ̀, ló ṣe é. Àwọn kan bú ọmọ náà. Riordan jáde sí gbangba, ó gbè é. Ẹni tó ni ìtàn ló fọwọ́ sí ìyípadà yẹn, kò sì dùn mí rárá.

Nígbà mìíràn, ojú ọlọ́jú náà a máa ríran. Tolkien, tó kọ The Lord of the Rings, ti kú láti 1973 kí Peter Jackson tó sọ ọ́ di fíìmù. Apá kẹta, 2003, gba Oscar 11. Le Guin náà fọkàn tán Hayao Miyazaki ti Studio Ghibli ní Jàpáánì, ó sì gbà kí wọ́n fi Earthsea ṣe fíìmù. Goro, ọmọ Miyazaki, ló wá darí fíìmù náà ní 2006, inú Le Guin kò sì dùn tán. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ fọkàn tán, orúkọ rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ nìkan.